Bí Dókítà Ọmọdé Ṣe Lè Ran Ìdílé Tí Oúnjẹ Kò Tó Nílé Lọ́wọ́

Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, tí ara rẹ̀ ń dán, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ń gun àtẹ ìdàgbàsókè bó ṣe yẹ, lè ti ilé tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa jẹ lálẹ́ wá. Ohun tó yẹ kí dókítà ọmọdé kọ́kọ́ gbà nìyí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dúró kí ebi hàn lára ọmọ kí a tó béèrè. Nígbà tó bá fi máa hàn, ilé ti jìyà tipẹ́.

Bí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, kì í ṣe oúnjẹ ló máa ń kọ́kọ́ dín. Irú oúnjẹ ló máa ń yí padà. Ẹran, ẹja, ẹyin, èso àti ewébẹ̀ á kúrò, ohun tó tètè ń yóni tí kò sì wọ́n á gba ipò wọn. Lẹ́yìn náà ni ìyá á máa sọ pé ebi ò tíì pa òun. Bàbá á jáde láìfi nǹkan kan ẹnu. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, tí wọ́n ti gbọ́n tó láti mọ ohun tó ń lọ, á máa fi tiwọn sílẹ̀ fún àbúrò. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ yín ni ebi máa ń kàn kẹ́yìn.

Ní ìpàdé àgbáyé lórí oúnjẹ tó wáyé ní Róòmù ní 1996, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé oúnjẹ tó wà ní ìkáwọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, kó má léwu, kó ṣara lóore, kó sì wà ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà, ilé tó ń jẹ àjẹyó ní ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù wọlé, tó sì ń jẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù, wà lára àwọn tí à ń sọ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ilé tí ebi ti sọ ọmọ di eegun lọ. Ọmọ tó ń dàgbà nínú rẹ̀ máa ń ṣàìsàn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n máa ń dá a dúró sí ilé ìwòsàn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè má tó. Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á ní kò fọkàn sí ẹ̀kọ́, tàbí pé ó ń jà. Ìyá rẹ̀ náà lè rẹ̀wẹ̀sì débi tó fi di àìsàn.

Kò sí ẹlòmíràn tó ń rí àwọn ìdílé wọ̀nyí bí a ṣe ń rí wọn. Ìyá tí ìtìjú kò ní jẹ́ kó dé ọ́fíìsì ìrànwọ́ ìjọba láéláé á gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. A kò lè wo ìṣẹ́ sàn ní yàrá ìwòsàn, ṣùgbọ́n ebi tó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ wa lè tó o. Bí a ṣe lè ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ wá ibi tí ẹ ó darí wọn sí kí ẹ tó la ẹnu

Dókítà tó bi ìyá léèrè bóyá oúnjẹ wà nílé, tó gbọ́ pé kò sí, tó wá kẹ́dùn lásán tó sì kọ oògùn, ti jẹ́ kó ṣòro fún ìyá náà láti tún sọ òótọ́ fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re tàbí ẹni tó ń gba káàdì lẹ́nu ọ̀nà, kó ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí ìdílé ti lè rí oúnjẹ tàbí owó oúnjẹ ní agbègbè yín: ètò ìjọba, oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́, ètò aboyún àti abiyamọ, ilé ìjọsìn, ẹgbẹ́ aláàánú, ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àkọsílẹ̀ tó ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù nìkan kò tó. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣí, aago mélòó? Ìwé wo ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni? Ṣé àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lè gbà níbẹ̀? Báwo ni ẹni tí kò ní mọ́tò ṣe máa débẹ̀? Ṣé wọ́n ní ohun tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lè jẹ? Kí ẹni tí ẹ yàn pè wọ́n fúnra rẹ̀, kó sì tún máa pè wọ́n ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nítorí ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ máa ń yí ọjọ́ padà, ó sì máa ń kógbá wọlé láìkéde. Ìdílé tó bá fi owó ọkọ̀ tó kù lọ́wọ́ wọn lọ bá ilẹ̀kùn títì kò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Bí agbára bá ká a, ẹ tọ́jú oúnjẹ díẹ̀ sí ilé ìwòsàn fún ẹni tí kò ní ohun tó máa jẹ lọ́jọ́ yẹn gan-an: ohun tí kì í tètè bàjẹ́, tí kò sì gba iná púpọ̀. Inú àpò tí kò fi ohun inú rẹ̀ hàn ni kí ẹ kó o sí. Àwọn tó jókòó síta ń wo ẹni tó ń jáde.

Ìgbésẹ̀ kejì: Gbogbo ènìyàn ni kí ẹ bi, ẹ má fojú yàn

Ojú dókítà máa ń tan dókítà jẹ. À ń wo aṣọ, à ń wo fóònù, à ń gbọ́ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, a sì rò pé a mọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù tó kọjá ṣì ń wọ aṣọ tó rà nígbà tí owó wà. Bí ẹ bá sì ń yan àwọn tí ẹ máa bi, ẹni tí ẹ bá bi á mọ̀ pé ìrísí òun ló fà á, ojú á sì tì í. Nígbà tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó wọlé là ń bi, kò sí ẹni tí ìbéèrè náà bú.

Ìbéèrè tó rọrùn jù fún ilé ìwòsàn ni méjì tí wọ́n ń pè ní Hunger Vital Sign. Inú ìbéèrè 18 tí ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń wádìí bí oúnjẹ ṣe tó nínú ilé ni àwọn olùwádìí ti yọ ọ́, wọ́n sì tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde ní 2010. Nínú ìdílé 100 tí ìbéèrè 18 fi hàn pé oúnjẹ kò tó fún, méjì yìí mú 97. Ní 2015, American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa béèrè nípa oúnjẹ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ọmọ wò. Ní èdè wa, a lè sọ ọ́ báyìí:

"Láàárín oṣù 12 tó kọjá, àyà wa ń já pé oúnjẹ ilé lè tán kí owó tí a ó fi ra òmíràn tó wọlé."

"Láàárín oṣù 12 tó kọjá, oúnjẹ tí a rà tán, a kò sì ní owó láti ra òmíràn."

Ìdáhùn mẹ́ta ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Bí òbí bá mú èyíkéyìí nínú méjì àkọ́kọ́, kódà fún ìbéèrè kan ṣoṣo, ilé náà wà nínú ewu. Ẹ kíyè sí i pé àyà jíjá nìkan ti tó. Ìyá tí oúnjẹ kò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ tí kò rí oorun sùn nítorí pé ó lè tán, lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ tirẹ̀ kù.

Bí ẹ ṣe gbé ìbéèrè kalẹ̀ ló máa sọ irú ìdáhùn tí ẹ máa rí. "Ṣé ẹ ń fún ọmọ lóúnjẹ dáadáa?" kò yàtọ̀ sí ìdánwò, kò sì sí ìyá tó máa dáhùn pé rárá. "Kò sí ìṣòro oúnjẹ nílé, àbí?" ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu ná. Ohun tó dára kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kọ́kọ́ sọ ni irú èyí: "Ẹ ṣé tí ẹ gbé ọmọ wá, Màmá. Gbogbo ìdílé tó ń wá síbí la máa ń bi ní ìbéèrè méjì lórí oúnjẹ, nítorí pé oúnjẹ wà lára ìlera ọmọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni nǹkan le fún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ó ní ohun tí a lè ṣe sí i."

Orí ìwé ló dára jù, tàbí orí tábúlẹ́ẹ̀tì, nítorí ìwádìí ti fi hàn pé àwọn òbí máa ń sọ òótọ́ lórí ìwé ju ìgbà tí wọ́n bá fẹnu sọ ọ́ lójú dókítà lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kí nọ́ọ̀sì kà á fún un ní kọ̀rọ̀ ní èdè tó gbọ́, má ṣe jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣe ògbufọ̀. Ọmọ ọdún méje ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bó bá ti gbọ́ pé owó ti tán, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ kí ó lè kù fún àwọn tó kù. Ọmọ tó ti bàlágà sì yàtọ̀. Ẹ bi òun fúnra rẹ̀ nígbà tó bá dá wà pẹ̀lú yín, nítorí ó lè máa fi ebi tí òbí kò mọ̀ pamọ́.

Ẹ̀rù kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú kéré: òbí lè máa bẹ̀rù pé bí òun bá ní oúnjẹ kò sí, ìjọba máa gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Ẹ mọ ohun tí òfin ibi tí ẹ wà sọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣàlàyé fún un pé owó tí kò tó kì í ṣe ìwà ìkà sí ọmọ, àti pé ìrànwọ́ lẹ ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣèlérí àṣírí tí òfin kò ní jẹ́ kí ẹ pa mọ́.

Ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ bi wọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá wá fún àyẹ̀wò, ẹ tún bi wọ́n bí iṣẹ́ bá bọ́, bí wọ́n bá bímọ tuntun, bí wọ́n bá kó lọ sílé mìíràn, tàbí bí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ gba ìsinmi tí oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ sì máa dúró. Ẹni tó bá sọ pé kò sí ìṣòro, ẹ fún òun náà ní ìwé àwọn ibi ìrànwọ́. Ó lè má tíì ṣe tán láti sọ̀rọ̀ lónìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ohun tí ẹ máa sọ bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ ọ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn, ẹ béèrè bóyá ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí oúnjẹ kò tó fún ló fẹ́ ẹ, ẹ̀tọ́ wọn sì ni láti kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè díẹ̀ ló máa fi bó ṣe le tó hàn yín. Ṣé ohun tí wọ́n máa jẹ lálẹ́ òní wà? Ta ni kì í jẹun nílé kí àwọn tó kù lè jẹ? Bí ọmọ ọwọ́ bá ń mu mílíkì inú agolo, mélòó ló kù? Ṣé iná tàbí gáàsì wà láti fi dáná, ṣé omi tó mọ́ wà? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé ti fo oògùn kí owó lè kù fún oúnjẹ?

Bí kò bá sí nǹkan kan fún alẹ́ òní, ẹ fi ìyókù àyẹ̀wò dúró ná. Ẹ wá oúnjẹ tó máa gbé lọ sílé kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wo ara ọmọ

Ẹ wọn ọmọ, ẹ wọn gíga rẹ̀, ẹ fi méjèèjì sórí àtẹ, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, kì í ṣe ibi tí wọ́n wà lónìí nìkan. Nígbà tí oúnjẹ bá dín, ìwọ̀n ló máa ń kọ́kọ́ dúró. Bó bá pẹ́, gíga náà á dúró. Fún ọmọ oṣù 6 sí oṣù 59, tépù tí a fi ń wọn bí apá òkè ṣe tóbi tó yíká wúlò gan-an, kò sì wọ́n. Bí apá bá kéré sí mílímítà 115, àìjẹunrekánú ọmọ náà ti le gan-an. Bó bá wà láàárín 115 sí 125, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì nílò ìtọ́jú. Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú, tí ojú ìka ń dúró síbẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, jẹ́ àmì ewu ńlá láìka ohun tí tépù tàbí òṣùwọ̀n sọ sí.

Ọmọ tó wà ní ipò líle yìí, àmọ́ tó ṣì ń fẹ́ oúnjẹ, tí kò sì ní àìsàn mìíràn, lè gba ìtọ́jú nílé pẹ̀lú oúnjẹ ìwòsàn tí a ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò fẹ́ jẹun mọ́, tó ń bì, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó tutù jù, tàbí tó ń sùn lọ láìjí dáadáa, ilé ìwòsàn ló yẹ kó sùn. Ẹ kìlọ̀ fún òbí pé kí wọ́n má kánjú kó oúnjẹ púpọ̀ fún un lójijì. Ara tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ máa ń dàrú bí oúnjẹ bá rọ́ lù ú, iyọ̀ àti èròjà inú ẹ̀jẹ̀ á yí padà, ó sì lè pa ọmọ. Ìdí nìyí tí a fi ń fi wàrà ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní F-75 bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó wọ ilé ìwòsàn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹ máa rí kò ní wà ní ipò yẹn rárá. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti ìpéǹpéjú wọn bóyá ó funfun, kí ẹ sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ẹ má sì yọ ọmọ tó sanra jù kúrò. Oúnjẹ tí kò wọ́n, tó kún fún ṣúgà àti ọ̀rá, lè mú ara tóbi nígbà tí ayọ́nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àti fítámì kò sí níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù, nítorí ibẹ̀ ni àìtó oúnjẹ ti lè pa ọmọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bí owó mílíkì agolo bá ń tán, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń ṣe ni kí wọ́n fi omi kún un kó lè pẹ́. Wọn kì í sọ ọ́. Ọmọ tó ń mu mílíkì tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ní rí agbára tó, omi náà á sì fa iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ títí tí gìrì á fi mú un. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ọmọ oṣù díẹ̀ tó ní gìrì wá tí ara rẹ̀ kò sì gbóná, ẹ yẹ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ sì rọra béèrè bí wọ́n ṣe ń po mílíkì. Ẹ má béèrè pé "Ṣé ẹ ń po ó dáadáa?" Ẹ ní kí ìyá fi hàn yín: ṣíbí mélòó, omi mélòó, ẹ̀ẹ̀mélòó láàárín ọjọ́. Bí ẹ bá sọ pé ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń fi omi kún un nígbà tí nǹkan bá le, ó rọrùn fún un láti sọ pé òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó jáde, ẹ wá mílíkì tó máa lò títí ìrànwọ́ fi dé. Ìkìlọ̀ nìkan kò ní kún agolo.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà tí àwọn òbí lè dá, tó sì léwu: wọ́n lè po nǹkan fúnra wọn nínú ilé dípò mílíkì ọmọ, wọ́n lè tọ́jú èyí tó kù nínú ìgò dìgbà mìíràn, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ wàrà màlúù kí ọmọ tó pé oṣù 12. Àpòpọ̀ inú ilé kì í ní èròjà tó péye. Wàrà màlúù kò ní ayọ́nù tó, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa jò díẹ̀díẹ̀ nínú ìfun ọmọ ọwọ́. Èyí tó kù nínú ìgò, kòkòrò ló máa ń hù níbẹ̀.

Ọmú ìyá ni ààbò tó dára jù, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́. Ìyá tí ebi ń pa sábà máa ń rò pé wàrà òun kò dára mọ́, àwọn ará ilé sì lè fi kún un. Ẹ sọ fún un pé ìyá tí kò jẹun tó ṣì lè ṣe wàrà tó dára fún ọmọ rẹ̀, ara òun fúnra rẹ̀ ló ń sanwó rẹ̀. Nítorí náà, òun ni kí ẹ bọ́. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ fi síwájú nínú ètò ìrànwọ́, kì í ṣe orúkọ ọmọ nìkan. Ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọmú pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń sọ. Ẹ má fi agolo mílíkì ọ̀fẹ́ ta ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lọ́rẹ. Bí agolo náà bá tán tí ọmú sì ti gbẹ, ìṣòro tí kò sí tẹ́lẹ̀ ti dé. Ìyá tí ipò rẹ̀ kò jẹ́ kó lè fún ọmọ lọ́mú, ẹ má bá a wí. Ẹ ràn án lọ́wọ́ láti rí mílíkì tó yẹ.

Láti oṣù 6 lọ, ọmọ nílò oúnjẹ tó ní ayọ́nù. Ẹ béèrè ohun tí ìkòkò ilé ń sè kí ẹ tó sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ, kí ẹ lè fi ìmọ̀ràn yín sórí ohun tó wà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ jẹ́ kí ìtọ́jú bá ilé mu

Ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ tó ń gba ínsúlìn lójoojúmọ́ lè dákú bí abẹ́rẹ́ bá wọlé tí oúnjẹ kò sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí i pé ṣúgà rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ní òpin oṣù, oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó yí oògùn padà. Oògùn tí ẹ ní kí wọ́n lò lẹ́yìn oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, ilé tó ń jẹ ẹ̀ẹ̀kan lè fún ọmọ ní ẹ̀ẹ̀kan péré; ẹ wo bóyá èyí tí kò gba oúnjẹ wà. Oògùn tí a ń fún ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ máa ń pa ìfẹ́ oúnjẹ, nítorí náà kó jẹun àárọ̀ kó tó lò ó, bí oúnjẹ àárọ̀ bá wà.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìsanrajù, ẹ fi ẹ̀tẹ́ sílẹ̀. Òbí tí ẹ ń sọ fún pé kó máa ra èso àti ewébẹ̀ tútù mọ̀ pé ó dára. Owó ni kò sí, tàbí kò sí fíríìjì, tàbí kò sí ibi tí wọ́n ti ń tà á nítòsí. Ohun kan tó lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí sàn ju mẹ́wàá tí kò lè ṣe lọ.

Ẹ tún wo owó tí ẹ̀yin fúnra yín ń mú wọn ná. Ìpè wá-wò tí a lè fi fóònù ṣe, àyẹ̀wò mẹ́ta tí a lè ṣe ní ọjọ́ kan ṣoṣo: owó ọkọ̀ tí a dá sí di owó oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ sìn wọ́n dé ibẹ̀

Ìwé pélébé tí a kọ nọ́ńbà sí kì í sábà dé ibì kankan. Ẹni tí ebi ń pa ti rẹ̀, fóònù rẹ̀ lè má ní owó, ojú sì ń tì í. Bí ó bá gbà, kí òṣìṣẹ́ yín pe ibi ìrànwọ́ náà nígbà tí òbí ṣì jókòó síwájú rẹ̀, kó gba ọjọ́, kó sì darúkọ ẹni tó máa gbà á lálejò níbẹ̀. Kí wọ́n jọ kún fọ́ọ̀mù kó tó lọ. Bí ètò kan bá ń béèrè lẹ́tà dókítà, ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bí ọmọ bá nílò oúnjẹ pàtàkì nítorí àìsàn, ẹ kọ orúkọ àìsàn náà, ìwọ̀n tó nílò àti iye oṣù, nítorí lẹ́tà tí kò ṣe kedere ni wọ́n máa ń dá padà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ pè wọ́n. Ẹ má béèrè bóyá wọ́n lọ. Ẹ béèrè bóyá oúnjẹ dé ọwọ́ wọn. Ìdílé lè lọ kí wọ́n sì dá wọn padà nítorí ìwé kan, tí kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní tèmi, iye ènìyàn tí a darí kò jámọ́ nǹkan nínú ìwé ìṣirò ilé ìwòsàn. Iye àwọn tí oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kí a máa kà. Ibi tí kò bá fún wọn, ẹ pe ibẹ̀ fúnra yín kí ẹ mọ ìdí, kí ẹ sì tún àkọsílẹ̀ yín ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹ pa àṣírí mọ́

Nínú ìwé ìpín àìsàn ICD-10, Z59.4 ni nọ́ńbà tó dúró fún àìtó oúnjẹ. Bí ẹ bá ń kọ ọ́, dókítà tó bá tún rí ọmọ náà á mọ̀, ilé ìwòsàn á sì lè ka iye ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ sọ fún òbí kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ má kọ ọ́ sára káàdì tí gbogbo ènìyàn ń rí, ẹ sì rántí pé ẹlòmíràn nínú ilé lè máa ka àkọsílẹ̀ ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọkọ bá ń fi owó oúnjẹ fìyà jẹ ìyàwó, ọ̀rọ̀ tó sọ fún yín ní kọ̀rọ̀ lè di ìjà nílé.

Iye tí ẹ bá kà jọ, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni, wúlò níta pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ ìlú tó fẹ́ dá oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ dúró máa ń fetí sí dókítà tó mú nọ́ńbà wá. Ẹ sì ṣí ojú yín sí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́: ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ilé ìwòsàn àti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lè wà nínú ìṣòro kan náà, ìwé ìrànwọ́ náà sì wà fún àwọn pẹ̀lú.

Bí ilé ìwòsàn yín bá kéré

Ẹ má dúró kí gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ló dára jù, kí nọ́ọ̀sì kan àti dókítà kan máa béèrè ìbéèrè méjì yẹn lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wá. Ibi ìrànwọ́ mẹ́ta tí ẹ ti pè, tí ẹ sì mọ̀ dájú, ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n wo ẹni tí wọ́n gbàgbé láti bi, ẹni tó kọ ìrànlọ́wọ́ àti ẹni tí oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó fi ọjọ́ kejì kún un. Bó bá ti mọ́ra, ẹ gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Òbí tó ń ṣọ́ ọmọ níbẹ̀ kì í lè lọ síbi iṣẹ́, owó rẹ̀ sì ń tán lójoojúmọ́. Ẹ bá àwọn tó ń dáná ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ kí àwo kan máa wà fún òun náà nígbà tí wọ́n bá ń gbé ti ọmọ wá.